Ìtọ́jú ẹja wúrà tí ó ń ṣàìsàn nínú ilé

Ìtọ́jú ẹja wúrà tí ó ń ṣàìsàn nínú ilé ni àwọn ìgbésẹ̀ tí ẹni tí ó ń sin ẹja wúrà lè gbé fúnra rẹ̀ nígbà tí ara ẹja náà kò bá yá, yálà kí ó tó rí oníṣègùn ẹranko tàbí níbi tí kò ti sí oníṣègùn ẹranko tí ó mọ̀ nípa ẹja. Ẹja wúrà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹja góòlù, jẹ́ ẹja omi tí kò níyọ̀. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Carassius auratus. Púpọ̀ nínú àìsàn tí ó ń ṣe é nínú ilé ni ó ti ara omi tí ó ń gbé inú rẹ̀ wá. Nítorí náà, omi ni a kọ́kọ́ máa ń tọ́jú kí a tó tọ́jú ẹja. Oògùn tí a dà sínú omi tí ó ti bàjẹ́ kì í sábà wo ẹja sàn. Ó tilẹ̀ lè mú kí ó tètè kú.

Ẹja náà àti ọjọ́ orí rẹ̀

Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti sọ ẹja wúrà di ohun ọ̀sìn ní ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn, láti ara ẹja odò kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eérú. Ní àkókò ìjọba ìran Song (960–1279), àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ ti ń sin ín sínú adágún ọgbà wọn. Ó dé ilẹ̀ Yúróòpù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Carl Linnaeus sì fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1758.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹja wúrà kì í pẹ́ kú. Èrò yìí kò tọ̀nà. Èyí tí a bá tọ́jú dáadáa a máa lo ọdún 10 sí 15, òmíràn a sì kọjá 20. Ẹja wúrà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tish, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn níbi eré ìdárayá kan ní ilẹ̀ England ní ọdún 1956, kò kú títí di ọdún 1999. Ọdún 43 ni ó lò láyé. Ẹja tí ó bá kú ní oṣù kẹta tí wọ́n rà á kò kú ikú ogbó. Nǹkan ni ó pa á, nǹkan náà sì sábà máa ń jẹ́ ohun tí a lè dènà.

Bí omi ṣe ń fa àìsàn

Bí ẹja wúrà bá ti jẹun, ara rẹ̀ a máa tú èròjà olóró kan tí à ń pè ní amóníà dà sínú omi. Ẹ̀yà ìmí rẹ̀, tí ó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà jáde. Nínú odò, omi tí ń ṣàn a gbé amóníà náà lọ. Nínú táǹkì onígíláàsì, kò sí ibi tí yóò lọ. Ohun tí ó ń gba ẹja là ni àwọn bakitéríà tí ó ń gbé nínú asẹ́ omi àti lára òkúta ìsàlẹ̀ táǹkì. Àwọn kan, irú bí Nitrosomonas, a máa sọ amóníà di náítiráìtì. Àwọn mìíràn, irú bí Nitrospira, a sì sọ náítiráìtì di náítirèètì, èyí tí oró rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn méjì àkọ́kọ́.

Ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kí àwọn bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó nínú táǹkì tuntun. Láàárín àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹja ń kú, tí ẹni tí ó rà wọ́n yóò sì máa rò pé ẹja tí ó ti ń ṣàìsàn ni wọ́n tà fún òun.

Amóníà a máa jó ẹ̀yà ìmí àti awọ ara ẹja. Oró rẹ̀ a sì máa le sí i bí omi bá ti ń gbóná sí i, tàbí bí pH omi náà bá ti ń ga sí i. Náítiráìtì ní tirẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ọ́síjìn káàkiri ara, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà a sì ṣú bí ti ṣokoléètì. Ẹja náà yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ nínú omi tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Nínú táǹkì tí ó dára, amóníà àti náítiráìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Náítirèètì kò sì yẹ kí ó kọjá nǹkan bí 40 mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Ojú lásán kò lè rí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi lè mọ́ gaara kí ó sì jẹ́ májèlé, ìdí nìyí tí ohun èlò àyẹ̀wò omi fi wúlò fún ẹni tí ń sin ẹja ju ìgò oògùn èyíkéyìí lọ.

Abọ́ gíláàsì roboto tí a máa ń rí nínú àwòrán kò yẹ ẹja wúrà rárá, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Omi inú rẹ̀ kéré, amóníà a tètè kún un, ẹnu rẹ̀ tí ó há kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan omi dáadáa. Ẹja wúrà lásán lè gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ooru àti omi ilé

Ẹja wúrà fẹ́ràn omi tútù. Nǹkan bí 18 sí 22 °C ni ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ó lè fara da ooru tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń gbóná ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dínkù. Ní 20 °C, lítà omi kan lè gba nǹkan bí 9 mílígíráàmù ọ́síjìn. Ní 30 °C, kò ju nǹkan bí 7.5 lọ. Ní ìlú bí Èkó, Ìbàdàn tàbí Kútọnu, níbi tí ooru ti pọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, ó yẹ kí omi táǹkì pọ̀ ju bí ìwé àwọn ará Yúróòpù ti máa ń sọ lọ, kí iye ẹja inú rẹ̀ sì kéré.

Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi yóò dúró, asẹ́ omi yóò dúró pẹ̀lú, àwọn bakitéríà inú asẹ́ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí mélòó kan nítorí àìrí ọ́síjìn. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí ń lo bátìrì wà. Níbi tí kò bá sí, kí a máa fi ife bu omi táǹkì kí a sì máa dà á padà láti òkè ní ìgbà díẹ̀díẹ̀ yóò ran ẹja lọ́wọ́. Kò yẹ kí a ju yìnyín sínú táǹkì, nítorí ìyípadà òjijì nínú ìwọ̀n ìgbóná omi jẹ́ ìnira mìíràn fún ẹja tí ara rẹ̀ kò yá.

Omi ẹ̀rọ tí ìjọba ń pèsè sábà máa ń ní kilorínì nínú, èyí tí ń jó ẹ̀yà ìmí ẹja tí ó sì ń pa àwọn bakitéríà inú asẹ́. Bí a bá bu omi náà sínú garawa tí a sì ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 24, kilorínì yóò fẹ́ lọ. Ní àwọn ìlú kan, kilorámínì ni wọ́n ń lò, ìyẹn kì í sì í fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Èròjà apakilorínì tí a ń rà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ọ̀sìn ni a fi ń bá a jà. Omi kànga kì í sábà ní kilorínì, ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú rẹ̀ lè kéré, gáàsì kábọ́ọ̀nù oníọ́síjìn méjì sì lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a jẹ́ kí ó sùn mọ́jú nínú garawa, kí a sì rò ó dáadáa kí a tó dà á sínú táǹkì.

Àwọn àmì àìsàn

Ẹja tí ara rẹ̀ kò yá a máa pa lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra, a máa dúró sójú kan ní ìsàlẹ̀ táǹkì, tàbí kí ó máa gbé ẹnu sókè láti gbé afẹ́fẹ́ mì. Ó lè kọ oúnjẹ. Ó lè máa fi ara ha òkúta, èyí tí ó fi hàn pé ara ń yún un. Bí gbogbo ẹja inú táǹkì bá ṣàìsàn lójijì ní ọjọ́ kan náà, omi ni kí a fura sí. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni àìsàn ń ṣe tí àwọn yòókù sì ń ṣeré, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àrùn tàbí ọgbẹ́ tirẹ̀.

Àmì méjì wà tí ó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Àkọ́kọ́ ni àbàwọ́n dúdú tí ó máa ń yọ lára ẹja lẹ́yìn tí amóníà ti jó o. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé awọ ara ti ń jinná. Èkejì ni àwọn kókó funfun wínníwínní tí ó máa ń yọ sórí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí lẹbẹ iwájú akọ ẹja ní àsìkò gígùn. Àìsàn kọ́ ni ìyẹn rárá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ akọ ẹja ni wọ́n ti da oògùn lé lórí nítorí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́

Kí a kọ́kọ́ yẹ omi wò. Lẹ́yìn náà, kí a pààrọ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí ìdajì omi táǹkì pẹ̀lú omi tí kilorínì ti kúrò nínú rẹ̀, tí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ sì bá ti táǹkì mu. Kí a dáwọ́ oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ebi kò ní pa ẹja wúrà kú láàárín àkókò yẹn, oúnjẹ tí kò jẹ yóò sì jẹrà di amóníà. Kí a fi kún afẹ́fẹ́ inú omi. A kò gbọ́dọ̀ fi omi ẹ̀rọ fọ asẹ́, nítorí yóò pa àwọn bakitéríà inú rẹ̀. Inú omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù jáde láti inú táǹkì ni a ti ń fún un rọra. Ìgbésẹ̀ yìí nìkan tó láti gba ọ̀pọ̀ ẹja sílẹ̀, kí a sì fún un ní ọjọ́ kan sí méjì kí a tó ronú oògùn, àyàfi bí àmì àrùn kan pàtó bá hàn gbangba.

Bí ó bá jẹ́ ẹja kan ṣoṣo ni ó ń ṣàìsàn, a lè yà á sọ́tọ̀ sínú ike ńlá tí ó lè gba 20 sí 40 lítà, tí ọṣẹ kò kàn rí. Ike náà pẹ̀lú nílò afẹ́fẹ́, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí pé kò ní bakitéríà tí yóò tún un ṣe.

Kò sí oògùn tí a lè wọ̀n láìmọ iye omi. A ó fi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà òró, ìbú àti jíjìn omi sọ ara wọn di púpọ̀, a ó sì fi 1,000 pín in. Táǹkì tí omi rẹ̀ jẹ́ 60 ní òró, 30 ní ìbú, 30 ní jíjìn gba lítà 54, ó sì dín díẹ̀ bí òkúta bá wà nínú rẹ̀.

Lílo iyọ̀

Iyọ̀ lásán ni oògùn tí ó rọrùn jù lọ fún ẹja wúrà. Nítorí pé ara ẹja níyọ̀ ju omi tí ó yí i ká lọ, omi ń wọ inú rẹ̀ láìdúró, kíndìnrín rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láti tú u jáde. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi a máa dín iṣẹ́ náà kù fún ẹja tí ó rẹ̀. Gíráàmù 1 nínú lítà kan tó láti dí ọ̀nà tí náítiráìtì ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Gíráàmù 3 nínú lítà kan ni a ń lò fún àwọn kòkòrò afòmọ́ kan. Nínú táǹkì lítà 54, èyí jẹ́ gíráàmù 162.

A kì í da iyọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A ó kọ́kọ́ yò ó nínú omi, a ó sì fi gíráàmù 1 nínú lítà kan kún un ní wákàtí méjìlá méjìlá títí yóò fi pé. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń fi iyọ̀ kún omi bí omi bá ti fà. Omi ni ó ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Pípààrọ̀ omi nìkan ni ó ń yọ ọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ ewéko inú táǹkì kò fẹ́ iyọ̀, nítorí náà kí a kọ́kọ́ kó wọn jáde.

Àrùn tótòtó funfun

Èyí ni àrùn ẹja ọ̀sìn tí ó gbajúmọ̀ jù. Ohun abẹ̀mí kékeré kan tí ń jẹ́ Ichthyophthirius multifiliis ni ó ń fà á. Ara ẹja yóò dà bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ sí i, ẹja náà yóò sì máa fi ara ha nǹkan. Àwọn àmì funfun náà wà lábẹ́ awọ, kò sì sí oògùn inú omi tí ó lè pa kòkòrò náà níbẹ̀. Bí ó bá gbó tán, yóò já bọ́ kúrò lára ẹja, yóò rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ táǹkì, yóò sì pín ara rẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò lúwẹ̀ẹ́ jáde láti wá ẹja mìíràn. Bí wọn kò bá rí ẹja láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì, wọn yóò kú. Nígbà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ yìí nìkan ni iyọ̀ àti oògùn lè pa wọ́n.

Láti inú ìgbésí ayé kòkòrò yìí ni a ti mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ìtọ́jú fi ń já sí asán. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ara ẹja a mọ́, olùtọ́jú a dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kòkòrò kò kú. Ó wà ní ìsàlẹ̀ táǹkì ni, ó ń bí ọmọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tótòtó náà a padà, ó sì máa ń pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú omi tí ó tó 25 °C, kòkòrò náà a máa parí gbogbo ìrìn rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Nínú omi tútù, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Fún ìdí yìí, ìtọ́jú pẹ̀lú gíráàmù 3 iyọ̀ nínú lítà kan gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 10 sí 14 nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi tútù. Kí a máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì jáde lójoojúmọ́, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò ń bí sí. Gbogbo táǹkì ni a ń tọ́jú, kì í ṣe ẹja tí a rí àmì lára rẹ̀ nìkan.

Àwọn oògùn tí wọ́n ń tà fún àrùn yìí sábà máa ń ní màlákáìtì aláwọ̀ ewé tàbí fọ́málínì nínú. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n léwu fún ẹni tí ó ń lò wọ́n pàápàá. Amẹ́ríkà àti Àjọṣepọ̀ Yúróòpù ti fi òfin de lílo màlákáìtì aláwọ̀ ewé fún ẹja jíjẹ. Kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a tẹ̀lé ìwọ̀n tí ó wà lára ìgò, kí a sì yọ èédú inú asẹ́ kúrò kí ó má bàa fa oògùn mu.

Àwọn àrùn mìíràn

Lẹbẹ jíjẹrà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí lẹbẹ tàbí ìrù, yóò funfun, yóò sì máa ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bakitéríà bí Aeromonas àti Pseudomonas ni ó ń fà á, àwọn tí ó ti máa ń wà nínú omi tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ẹja tí ara rẹ̀ kò lágbára. Omi mímọ́ nìkan sábà máa ń wò ó bí a bá tètè rí i.

Ohun funfun bí òwú lára ọgbẹ́ lè jẹ́ Saprolegnia, irú ohun tí ń hù lára nǹkan tí ó bu. Ṣùgbọ́n bakitéríà Flavobacterium columnare náà máa ń hàn bí òwú, pàápàá ní ẹnu ẹja, ó sì ń yára pa ẹja nínú omi gbígbóná. Oògùn ọ̀kan kò ran èkejì, nítorí náà ibí yìí ni ìrànlọ́wọ́ oníṣègùn ẹranko ti ṣe pàtàkì.

Ẹja tí ó léfòó tí kò lè wọlẹ̀, tàbí tí ó dojú ikùn sókè, ní ìṣòro nínú àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹja wúrà kúkúrú abikùn-rọgbọdọ, irú bí Oranda, Ryukin àti Ranchu, ni ó ń ṣe jù, nítorí pé ara wọn tí wọ́n sọ di kúkúrú ti fún ẹ̀yà inú wọn pọ̀. Ẹja wúrà kò ní àpò ikùn. Tààrà ni oúnjẹ ń bọ́ sínú ìfun rẹ̀. A ó febi pa á fún ọjọ́ kan sí méjì, lẹ́yìn náà a ó fún un ní ẹ̀wà píìsì aláwọ̀ ewé tí a ti sè tí a sì ti bó èèpo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a máa fún un ní oúnjẹ tí ń rì. Bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí ìrísí ara rẹ̀ ni ó fà á, ẹja náà sì lè gbé pẹ̀lú rẹ̀ bí ó bá ń jẹun.

Kòkòrò ìdákọ̀ró, Lernaea, a máa so mọ́ ara ẹja bí òwú ìránṣọ kékeré. Iná ẹja, Argulus, a sì rí pẹlẹbẹ. Àwọn méjèèjì ni a lè fi ẹ̀mú kékeré yọ nígbà tí a bá fi àkísà tútù di ẹja náà mú, ṣùgbọ́n ẹyin wọn yóò ṣì kù nínú táǹkì.

Èyí tí ó burú jù ni ara wíwú. Ikùn ẹja yóò wú, ìpẹ́ rẹ̀ yóò sì dúró ṣánṣán bí ìyẹ́ adìẹ aṣa. Ó fi hàn pé kíndìnrín ti kọṣẹ́, omi sì ti kún inú ara. Àwọn kan máa ń lo iyọ̀ Epsom láti fa omi náà jáde, ó sì lè mú ara tu ẹja náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ìpẹ́ wọn bá ti dúró báyìí kì í yè é.

Oògùn apabakitéríà àti ìlera ènìyàn

Dída oògùn apabakitéríà tí ènìyàn ń lò sínú táǹkì jẹ́ àṣà tí ó léwu. Ó ń pa àwọn bakitéríà inú asẹ́, amóníà a sì gòkè. Ó tún ń kọ́ àwọn bakitéríà àrùn láti má gbọ́ oògùn mọ́. Ní ilẹ̀ Britain, ìwé àṣẹ oníṣègùn ẹranko ni a fi ń ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹja.

Àrùn kan wà tí ẹja lè kó ran ènìyàn: Mycobacterium marinum, tí ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, tí ó sì ń fa kókó tí kì í tètè jinná ní ọwọ́. Ẹni tí ọgbẹ́ bá wà ní ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ táǹkì láìwọ ìbọ̀wọ́.

Nígbà tí kò bá sí ìrètí

Bí ẹja kò bá lè dìde mọ́, tí kò jẹun fún ọjọ́ pípẹ́, tí ara rẹ̀ sì ń jẹrà, fífi í sílẹ̀ kí ó máa joró kì í ṣe ìtọ́jú. Oníṣègùn ẹranko ni ó yẹ kí ó dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò. Níbi tí kò bá sí, òróró kànáfùrù ni a ń lò: a ó kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ nínú ìgò, a ó mì ín títí yóò fi funfun, a ó sì dà á sínú omi tí ẹja wà, ó kéré tán 0.4 mílílítà nínú lítà kan. Ẹja yóò kọ́kọ́ sùn. Kí a fi í sílẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí ẹ̀yà ìmí rẹ̀ bá ti dúró, nítorí àwọn mìíràn ti jí nígbà tí wọ́n tètè gbé wọn jáde. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà (AVMA) kò fara mọ́ dída ẹja láàyè sínú ilé ìgbẹ́ tàbí gbígbé e sínú ẹ̀rọ amóhun-dì.

Dídà á sínú odò kì í ṣe àánú pẹ̀lú. Ẹja wúrà tí ó bá yè a máa gbó, a máa bí, a sì máa ba odò jẹ́. Ní ọdún 2021, ìlú Burnsville ní ìpínlẹ̀ Minnesota kéde pé àwọn ẹja wúrà ńláńlá ti wà nínú adágún wọn, ó sì bẹ àwọn ará ìlú kí wọ́n má ṣe da ẹja ọ̀sìn sínú omi mọ́.

Ẹja tuntun

Ọ̀nà tí àrùn sábà máa ń gbà wọ táǹkì ni ẹja tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó yẹ kí a fi ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ kí ó tó bá àwọn yòókù gbé, pẹ̀lú àwọ̀n àti garawa tirẹ̀ lọ́tọ̀. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá láti ọjà kò gbọ́dọ̀ kan omi táǹkì. Ẹja nìkan ni kí a fi àwọ̀n gbé jáde, kí a sì da omi náà nù.